Nígbà Tí Apá Mi Kọ Ọmọ Odó

Èmi àti ìyálé mi kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé. Ìdí odó ni ọ̀rẹ́ wa wà. A ní ilé oúnjẹ kékeré lẹ́bàá títì ní Ṣábẹ, iyán wa sì ni àwọn awakọ̀ ń tìtorí rẹ̀ dúró. Bí ọmọ odó tirẹ̀ bá ti ń sọ̀, tèmi á máa gòkè. Ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkọ wa pàápàá, tí a ó máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí iṣu ta dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ń fi òrí pa á, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, mi ò lè fún aṣọ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló kù kó ba ìyálé mi lẹ́sẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti ń dùn ọ́?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, ìyá mi."

"O sì ń gúnyán lọ?"

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tẹ ìgbọ̀nwọ́ náà, mo kígbe. Ó ní iṣan ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

"Ẹ má gún nǹkan kan. Bí ìrora bá rọlẹ̀, ẹ máa gbé ìgò omi kékeré sókè, kí ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́."

Ọkọ wa wá obìnrin kan wá láti Bessé láti gúnyán. Èmi di ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì bu ọbẹ̀. Nígbà míì ẹ̀rín òun àti ìyálé mi á ta sí mi létí láti ìdí odó lẹ́yìn ilé, màá dá ṣíbí dúró, màá máa ronú ohun tí wọ́n sọ. Nínú ilé, ìyálé mi kàn ń kí mi ni. Ohùn rẹ̀ ń wù mí gbọ́ ju bí iṣẹ́ ṣe ń wù mí ṣe lọ.

Mo ń gbé ìgò mi láràárọ̀. Ara kò tètè gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Àsìkò ọyẹ́ ni mo tó lè di ọmọ odó mú láìfa ojú ro. Nígbà náà, ìyálé mi ti lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ wẹ ọmọ ní Kútọnu.

Ó pè mí lórí fóònù. "Apá ńkọ́?"

"Ó ti san. Ẹ máa bọ̀ wálé."

"Ọmọ yìí ò tíì rìn," ló wí.