Ọwọ́ Ọ̀tún Ọ̀gá Mi

Òṣómàáló ni ọ̀gá mi máa ń pè mí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sídìí mọ́tò báyìí, á ní, "Òṣómàáló tún ti lóṣòó! Ta ló jẹ ẹ́ lówó lónìí?" Ìjẹ̀ṣà ni mí. Wọ́n ní àwọn bàbá wa máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó, àwọn ará Òṣogbo ò sì jẹ́ ká gbàgbé. Níkẹyìn, mo wá rí èsì fún un. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ jẹ mí ní fírídọ̀mù."

Iṣẹ́ rewáyà là ń ṣe, wáyà iná mọ́tò, nítòsí Old Garage. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà wù mí. Mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Nígbà kan, àwọn kan kó àwa ọ̀dọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n fún wa ní fìlà àti ìrẹsì inú ike, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ a ti di agbanisíṣẹ́. Mo dé fìlà náà délé. Kò sẹ́ni tí mo gbà síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Iléṣà, wáyà bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ jóná lọ́nà. Dírẹ́bà ní bàbá kan ṣoṣo ló kù tó lè tún un ṣe ní Òṣogbo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di Ìbàdàn. Wọ́n fà wá dé ṣọ́ọ̀bù bàbá náà. Àwọn èrò yòókù bá mọ́tò mìíràn lọ, èmi jókòó. Ta ló ń dúró dè mí níbi tí mò ń lọ? Mo wo bàbá náà bó ṣe ń tú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, kò sì bínú. Nígbà tí iná bọ́ọ̀sì náà tàn, mo ní kó kọ́ mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọlọ́hun, kí lo tún rán sí mi yìí?"

Ìyá mi ò rí i bí ẹ̀rín. "Rewáyà? Kí n tó rán ọ lọ sí yunifásítì, ṣé n ò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni?" Bí wọ́n bá béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà, á ní mo wà ní iléeṣẹ́ ọkọ̀.

A ò kéré nígbà tí mo débẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan lára àwa ọmọ iṣẹ́ gbọ́ nípa góòlù tí wọ́n ń fọ̀ ní Itagunmodi, ó lọ. Ó padà wá kí wa pẹ̀lú fóònù ńlá lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí níbẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò lọ sídìí góòlù lọ gun ọ̀kadà. Ó ku èmi àti ọ̀gá. Ìgboro kún fún ẹni tí kò níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù wa kún fún iṣẹ́ tí kò lẹ́ni tí yóò ṣe é. Àwọn dírẹ́bà á tò, wọ́n á máa bú wa, èmi á lóṣòó sídìí mọ́tò, mi ò ní í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí a jọ dá fún ìkọ́ṣẹ́ mi pé. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló mọ̀ pé bí ọ̀gá rẹ ò bá tíì fi irinṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́, kó súre fún ọ lójú àwọn òbí rẹ àti ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ mọ́tò, o ò tíì kọ́ nǹkan kan. O ò lè ní ṣọ́ọ̀bù, o ò lè gba iṣẹ́ lórúkọ ara rẹ. Ọ̀gá ní, "Dúró ná, Òṣómàáló. Bí mo bá tú ọ sílẹ̀ lónìí, ta ló máa bá mi di wáyà mú lọ́la?" Ó ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ààwẹ̀ parí. Ó ní ó di ẹ̀yìn Iléyá. Wọ́n pa àgbò, mo jẹ ẹran níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyàwó ọ̀gá pè mí pé rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ òun mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo sá dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá alága ẹgbẹ́ wa níbẹ̀ tó ń ti ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Ọmọbìnrin, má bínú. Wọn ò tíì tú ọ sílẹ̀." Mo ní ó dáa, sà.

Mo padà sí Iléṣà, mo dùbúlẹ̀, mò ń wo àjà. Àwọn dírẹ́bà ń pe fóònù mi, mo sì ń jẹ́ kó dún títí yóò fi pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ní iléèwé kan ń wá olùkọ́. Mo ní mo gbọ́. Mi ò dìde. Mi ò sunkún. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá mo jẹ ẹ́, bí wọn ò bá gbé e wá mi ò béèrè.

Ìyàwó ọ̀gá ló lọ bẹ ẹgbẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan fún fírídọ̀mù mi, lẹ́yìn ìrun. Ìyá mi wé gèlè, ó gbé kúlà ìrẹsì dání, ó tẹ̀ lé mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n gbé ọ̀gá sórí àga lójúde ilé rẹ̀. Ó ti gbẹ. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n gbé púláyà tó fi ń gé wáyà lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú un, ó nà án sí mi.

"Rárá o!" Alága ti dìde. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áḿbọ̀sìbọ́sí ká fi súre fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká dúró ná, kí ara bàbá yá."

Dúró ná. Ìbínú tí mo rò pé ó ti kú nínú mi sọ jí. Mo ní, "Mi ò dúró mọ́!" Ìyá mi ní kí n panu mọ́, ó tún yíjú sí alága: "Ẹ̀yin náà, ẹ wo ọmọ yìí. Rewáyà ni. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó ọ̀gá dìde. Ó gba púláyà náà, ó ṣí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, ó fi púláyà sínú rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè sí mi. Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún rèé. Ẹ súre fún ọmọ mi." Alága ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Púláyà ò bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ náà ti kákò mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ rọpárọsẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún mi pé wọ́n wí bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ojú mi ni ọ̀gá ń wò.

Wọ́n ń ṣe àmín lórí wa. Mo kúrò lórí eékún, mo lóṣòó síwájú rẹ̀, mò ń ṣí ìka rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kọ́ mi láti máa tú wáyà. Ó ku àtàǹpàkò. Omi ń dà ní ojú rẹ̀ kan. Ẹnu rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo sì fi agbára ṣí i.