Ọwọ́ Òsì Saidat ní Yàrá Kámẹ́rà

Ẹ sún mọ́bí, kí n sọ̀rọ̀ Saidat fún yín, ọmọ Mushin, tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́ òsì tó yá ju ọwọ́ ọ̀tún lọ.

Òsì ló fi ń ju òkúta nígbà tó wà ní kékeré, òsì náà ló fi ń kọ̀wé. Ìyá rẹ̀, tó ń rán kọ́tínnì tà lọ́nà Ìlúpéjú, kò yé gbá a lọ́wọ́ bó bá ti nà án sí àgbà. “Saidat, ọ̀tún dà? Àbí ó ṣì ń sùn ni?” Saidat á rẹ́rìn-ín, á pààrọ̀ ọwọ́. Tó bá tún di ìgbà míì, òsì á tún ti sáré jáde, bí ajá tó gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín.

Nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n, wáyà ni wọ́n ní kó máa ká. Ẹni tó ń mójú tó iná ń mójú tó iná, ẹni tó ń gbọ́ ohùn ń gbọ́ ohùn, Saidat ń ká wáyà lẹ́yìn gbogbo wọn bí ẹni tó ń ká òwú. Kò ráhùn. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, wọ́n ń pè é ní fulọọ mánéjà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Olùdarí ètò jókòó sí yàrá òkè lẹ́yìn gíláàsì, kò sì lè pariwo sílẹ̀, torí máìkì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan ni yóò máa gbọ́ ohùn olùdarí létí, tí yóò dúró ti kámẹ́rà, tí yóò máa fi ọwọ́ sọ fún àwọn tó jókòó níwájú iná pé ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fà á gùn. Ẹ ká a nílẹ̀. Ẹni náà ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọwọ́ ẹ̀ ni ẹnu ẹ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n gbé e fún Saidat. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bámidélé, olùkọ́ wọn, sọ ọ́ kedere: “Ètò kan péré ni màá fi wò ọ́. Tó bá dáa, iṣẹ́ rẹ nìyẹn títí o fi máa jáde. Tó bá bàjẹ́, wáyà ń dúró dè ọ́.”

Àlejò ọjọ́ náà ni Bàbá Oyèníran, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Mushin kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wọn. Kíkẹ́, ọmọ kíláàsì Saidat, ni yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bàbá wọlé, ó wo iná, ó wo kámẹ́rà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Láti ìgbà tí mo ti ń tú tẹlifíṣọ̀n, n ò bá ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ rí. Àṣé ibí lẹ sá pamọ́ sí!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi máìkì há a láṣọ, Kíkẹ́ jókòó tì í. Ètò náà fẹ́ lọ tààrà sórí tẹlifíṣọ̀n gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Ohùn Tèmídayọ̀, olùdarí wọn, dún létí Saidat: “Kọ́kọ́ ka àrún wá sí ení fún wọn kí wọ́n fi dánra wò.”

Saidat gbé ọwọ́ sókè, ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìka tán, ó nàka sí Bàbá pé ó yá. Òsì ni.

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Ó dìde, ó já máìkì kúrò láṣọ.

“Èmi? Ọmọ tí mo lè bí ìyá ẹ̀ ló ń na ọwọ́ òsì sí mi, tó tún ń nàka? Ẹ bá mi mú fìlà mi.”

Rilwan, tó wà nídìí kámẹ́rà, ní, “Bàbá, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“Wọ́n? Ilé bàbá ta ni wọ́n ti ń ṣe é?”

Tèmídayọ̀ ń ké létí Saidat: “Bàbá ti dìde! Ó kù díẹ̀ kí ètò bẹ̀rẹ̀ o! Saidat, gbé iṣẹ́ yẹn fún Rilwan!”

Saidat fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ bí wáyà ṣe ń pè é. Ó gbìyànjú ọ̀tún lẹ́yìn ara rẹ̀, àwọn ìka náà ń ká wúruwùru, wọn ò mọ èyí tó kàn. Ló bá kúnlẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà.

“Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, sà. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn.”

Bàbá wò ó títí. Ó tún jókòó díẹ̀díẹ̀.

“Ọlọ́wọ́ òsì, n ò bá ẹ jà. Àmọ́ n ò fẹ́ rí òsì nìkan. Kí ọ̀tún sìn ín jáde.”

Kíkẹ́ tún fi máìkì há Bàbá láṣọ, àkókò pé. Saidat kò dìde mọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà; òsì ń ká ìka, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìka tán, kò nàka. Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí Bàbá, bí ẹni tó ní, ẹ gbà, tiyín ni.

Bàbá sì gbà á. Ó ń wo ọmọ tó kúnlẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà, ó ń sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tó tú, bí ọmọńlé àti àwọn ọmọ ẹ̀ ṣe tú jáde, tí obìnrin tó ni ín figbe ta pé àwọn tó ń ka ìròyìn ń sá lọ. Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

“Saidat,” Tèmídayọ̀ sọ wẹ́rẹ́ létí ẹ̀, “ta ló kọ́ Bàbá? Àwọn àlejò yòókù máa ń wo ẹ̀gbẹ́ ògiri ni. Èyí ń wojú kámẹ́rà bí ẹni tó ń wò mí lójú!”

Nígbà tí àkókò ń tán lọ, Saidat fi ọwọ́ méjèèjì yí po, bó ṣe máa ń ká wáyà gẹ́lẹ́. Bàbá rí i.

“Ọmọ yìí ní kí n ká a nílẹ̀,” ló sọ lójú gbogbo ayé. “Ẹ jẹ́ n ká a. Ó dàárọ̀ o.”

Iná rọlẹ̀. Ọ̀gá Bámidélé wọlé, kò wo Saidat, ó na wáyà sí Rilwan. “Ó yá, ká a.”

“Èmi kẹ̀, sà?”

“Ṣé fulọọ mánéjà ló máa ká a ni?”

Saidat fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ti kú. Bàbá na ọwọ́ sí i láti fà á sókè. Ọwọ́ Saidat sáré jáde. Òsì ni, òun nìkan.

Bàbá wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹ̀.

“Ìwọ ọwọ́ yìí, o ò gbọ́ràn rárá,” ló wí, ó sì dì í mú.