Àwo Méjì ní Porto

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹun dáadáa ní ìlú Porto, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n sì tẹ́ àwo méjì sórí tábìlì mi.

Ọmọ mi ló ṣètò rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Hólándì ló ń gbé, ó sì pè mí láti Ìkirè pé kí n wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun. Mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a kò jókòó jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń jáde kí n tó jí, bó bá sì dé, ìdí kọ̀ǹpútà ló ti ń jẹ búrẹ́dì. Dòdò Ìkirè tí mo gbé ré kọjá òkun wà nínú fíríìjì rẹ̀, kò tú ìdì rẹ̀ wò. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi sọ ọ́, torí ní ọjọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ sí Porto fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìlú àtijọ́ ni, nílẹ̀ Potogí. Wọ́n mọ oúnjẹ sè níbẹ̀. Jíjẹ àti mímu nìkan ni iṣẹ́ wa."

Mo ní, "Àwa méjèèjì?"

Ó ní, "Ta la tún fẹ́ mú dání?"

Inú mi dùn ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tí a ti gba ìwé ìwọkọ̀ tán, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó rìn lọ rìn bọ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ojú tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé wá bó bá fẹ́ já mi kulẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, òun á bá mi níbi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, mo lè ka pátákó, mo lè bèèrè ọ̀nà. Mo lọ.

Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo Porto, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú títì, odò ńlá kan sì wà nísàlẹ̀. Ara ilé ni wọ́n ń lẹ táìlì aláwọ̀ búlúù mọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n yí ilé ìwẹ̀ wọn síta. Ọmọ mi mọ̀ pé orúnkún mi kò fẹ́ òkè mọ́, nítorí náà ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì mi ló bá wa gba àyè sí, ọ̀sán mẹ́ta, ẹni méjì. Ilé kékeré ni, tábìlì rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Bàbá onírun funfun kan ló ń gbé oúnjẹ, ó sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọṣọ tó dára, mo jókòó. Bàbá náà tẹ́ àwo méjì, ó gbé ife méjì kalẹ̀, ó wo àga tó ṣófo.

Mo ní, "Ó ń bọ̀."

Abọ́ kan, ẹni méjì ni wọ́n ń bù ú fún níbẹ̀. Oúnjẹ tí ìlú náà fi ń yangàn ló gbé wá, ṣàkì ni, wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà funfun, kárọ́ọ̀tì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu yà mí. Mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ ṣàkì tí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọ̀bẹ họ, mo sì mọ èyí tí wọ́n kàn fi omi ṣàn. Èyí mọ́. Ó rọ̀ láìfọ́, omi ọbẹ̀ rẹ̀ sì ki. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ní Àpòmù, kì í họ ṣàkì. Gbogbo ẹbí ló ń yìn ín pé ó mọ ọbẹ̀ sè, èmi sì ń gbọ́ òórùn ìgbẹ́ màlúù láti ìdí ààrò rẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé ọkọ. Ó ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́ dáadáa. Kí ẹni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ bá mi kà á sí i létí.

Mo ti jẹ ṣíbí mẹ́ta kí tẹlifóònù tó dún.

"Mọ́mì, iṣẹ́ yìí kò tíì parí. Ọ̀la ni. Ṣé ẹ ti ń jẹun?"

"Mo ti ń jẹ ẹ́."

"Ó dùn?"

"Ó dùn."

"Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí mi."

"Ṣé fọ́tò lo fẹ́ jẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo jẹ ìlàjì abọ́ náà. Nígbà tí bàbá onírun funfun ń palẹ̀ mọ́, àwo tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ló kọ́kọ́ gbé, ó sì rọra gbé e bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Àánú rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ náà dà nínú mi.

Ọjọ́ kẹta, ẹja ni. Wọ́n fi iyọ̀ mú un gbẹ bíi pánlá, wọ́n wá rẹ ẹ́, wọ́n yan án, wọ́n da àlùbọ́sà àti òróró lé e lórí pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Àwo méjì. Ọmọ mi ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ pé ọkọ̀ òfurufú ti fi òun sílẹ̀ lọ.

Obìnrin àgbà kan wà ní tábìlì tó kàn mí, òun nìkan. Mo ti rí i níbẹ̀ lánàá. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó tó ọjọ́ orí mi tàbí kó jù mí lọ díẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbé fún un, ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ bí òwú. Kó tó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ó wò mí, ó yí abọ́ náà díẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò gbọ́ Potogí, àmọ́ mo mọ ohun tó wí. Ó ní kí n wá jẹun ni.

Mo fi ọwọ́ sáyà, mo mi orí. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà. Á gba ibi ire."

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó pè ọ́ kò retí pé wàá wá, ìwọ náà kò sì ní lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí kí ojú mi tó là sí i.

Mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ nílé ọkọ ní Àpòmù nígbà náà. Mò ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́, mo sì ti lóyún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ebi ń pa mí débi pé ojú mi ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó yí iyán ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, o ti dé? Wá jẹun o."

Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ń bọ̀."

Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo fọwọ́, mo jókòó. Tíṣà ìjọ ni bàbá mi ní Ìkirè, nílé wa, bí wọ́n bá ní kí o wá jẹun, wọ́n ti bu tìrẹ sílẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn ará ìta máa ń fi ẹnu lásán pe ènìyàn. Mo rò pé ilé ọkọ kì í ṣe ìta ni.

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró sínú àwo. Mo jẹ òkèlè mẹ́rin, mo dìde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé ìyàwó oníwèé já iyán gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, "Ìyàwó Mo-ń-bọ̀" ni orúkọ mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ. Mi ò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì í, bẹ́ẹ̀ ló ti pẹ́ tó ti kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀ gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí rí mi níbi tí mo dá dúró sí, ó pariwo pé, "Ìyàwó Mo-ń-bọ̀, ṣé o ò ní wá jẹun lónìí ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín lójú òkú. Mo kó padà sí ilé bàbá mi ní Ìkirè. Ọ̀nà Àpòmù kò jìn sí wa rárá, àmọ́ mi ò tíì tún gbà á.

Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ Àìkú ni, ìrọ̀lẹ́ la ó sì padà sí Hólándì. Ọmọ mi ti wọkọ̀. Ó ní agogo méjìlá ààbọ̀ kò ní kọjá kí òun tó dé. Ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n sun nínú ààrò ni wọ́n gbé wá, awọ rẹ̀ pọ́n, ìrẹsì abẹ́ rẹ̀ ti mu ọ̀rá ẹran náà yó. Àwo méjì. Mo dúró dè é. Agogo kan lù. Ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í dì sí etí abọ́.

Wọn kò tíì gbé nǹkan kan fún obìnrin aláṣọ dúdú. Oúnjẹ wà níwájú mi, ẹnìkejì mi kò jẹ, ẹnu mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. "Ẹ wá jẹun mà," mo ní, mo sì nawọ́ sí abọ́.

Ó wo abọ́, ó wo àga ọmọ mi. Ó dìde. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ àti ife wáìnì rẹ̀, ó wá, ó jókòó.

Mo mọ irú ojú tí mo fi wò ó, torí wọ́n ti fi wò mí rí. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ìrìn àjò náà, pé ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lójú mi. Mo sáré bu ẹran sí àwo fún un, mo bu ibi tó lọ́ràá jù. Ó fi ọwọ́ mú eegun, ó jẹ ẹ́ mọ́. Ó tọ́ka sí àga tó jókòó lé, ó bèèrè nǹkan. Mo fi fọ́tò ọmọ mi hàn án lórí tẹlifóònù. Ó na ìka mẹ́ta, ó wá fi ọwọ́ júwe ọ̀nà jíjìn. Mo na ìka kan. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ó ku díẹ̀ kí agogo méjì lù nígbà tí ọmọ mi wọlé, ó ń làágùn, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ta nìyí?"

"Àlejò mi ni."

"Níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Níbi tí mo ti ń dúró dè ọ́. Fa àga, wá jẹun."

Ó ní, "Mo ti jẹun, Mọ́mì. Ẹ ṣeun."

Kò ronú kó tó sọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, kó tó lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, mo máa ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí wọ́n bá ní kí o wá jẹun ńkọ́?" "Mo ti jẹun, ẹ ṣeun." "Bí ebi bá ń pa ọ́ ńkọ́?" "Mo ti jẹun, ẹ ṣeun." Ní ọjọ́ kan, ó gba àkàrà kan lọ́wọ́ wọn. Mo rí òróró lẹ́nu rẹ̀, mo sì jẹ́ kó tu èyí tó kù sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò rí i fi ṣe é. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa, ó sì wá ń lò ó fún mi.

Mo ní, "Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì, ní pápákọ̀." Àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára ẹran.

Obìnrin náà kò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ó kàn rí ọkùnrin tí àárẹ̀ mú tó dúró. Ó ya ẹran, ó gbé e lé búrẹ́dì, ó nà án sí i. Ọmọ mi ní ó tì, ẹ ṣeun, òun ti jẹun, lédè gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà kò ká ọwọ́ kúrò. Ó tún ní ó tì. Ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rá sì ń kán láti ara búrẹ́dì sórí aṣọ tábìlì. Ló bá gbà á. Orí ìdúró ló ti jẹ ẹ́. Ó fa àga, ó mú fọ́ọ̀kì tèmi.

Mi ò ní purọ́, inú bí mi. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ti dòdò inú fíríìjì, ti ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dá jókòó. Ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń jẹ ẹ́ bí ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Mo ti abọ́ náà sún mọ́ ọn, mo sì dákẹ́, torí bí mo bá la ẹnu, yóò rántí pé òun ti jẹun.