Korobá Omi Ẹnu Ìdènà

Ojú ni Mẹ̀dínátù, aránṣọ Ihunbo, fi ń wọn aṣọ. Á wo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan látòkè délẹ̀, á gé e, á sì bá a mu rẹ́gí. Téèpù tó máa ń gbé kọ́rùn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń fi ojú yìí bọ́ ọmọ mẹ́rin.

Nígbà tí ìjọba ti bodè, òwú tó ń rà lódìkejì wọ́n gógó. Kò tíì rójútùú ìyẹn tí kòrónà fi dé. Ìlú gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi Akínbọ̀wálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe olórí. Ó fi igi dí ọ̀nà, ó sì gbé korobá ńlá tí wọ́n de ẹ̀rọ omi mọ́ nídìí síbẹ̀, kí àwọn èèyàn máa fọwọ́. Ìyẹn dára. Èyí tó ń kó ni nírìíra ni pé ẹ̀rọ tó ń gbé kẹ́yìn fín oògùn apakoríko sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló rọ bílíìṣì sí, tó wá ń fín in sí àwọn tó ń wọ̀lú lára bí ẹni ń fín èpò. Òun alára wọ awò ńlá tó bo ojú rẹ̀ dé etí. Àṣé ó mọ̀ pé ojú ṣeé dáàbò bò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mẹ̀dínátù wá òwú lọ sí Ìdí-Ìrókò, kò rí, ó ń bọ̀ lórí ọ̀kadà Àúdù. Lẹ́nu ìdènà, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Kó tó pajú dé, omi burúkú yẹn ti wọ ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó figbe ta, ó ń fọwọ́ táràrà lọ sídìí korobá. Akínbọ̀wálé dì í lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Toheebat, omi ìfọwọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ ò gbọ́ lórí rédíò pé ká má fọwọ́ kan ojú ni?"

Àúdù bẹ̀ ẹ́ títí, tíṣà ní òfin lòfin. Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nígbà tí Mẹ̀dínátù fi délé bomi sójú, ojú ti wú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú ojú ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, àwọn tó ń wúkọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n na ohun kan tó dà bí ìbọn sí i níwájú orí, wọ́n ní ara rẹ̀ ò gbóná, kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí nọ́ọ̀sì ojú tó yẹ̀ ẹ́ wò. Funfun ti bo ẹyinjú. Nọ́ọ̀sì náà bi í bóyá kò sómi nítòsí lọ́jọ́ náà ni, torí pé ká ní wọ́n da omi púpọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, ojú náà ì bá má fọ́.

Búbà tó kọ́kọ́ gé lẹ́yìn náà, apá kan gùn ju èkejì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi téèpù wọn aṣọ, tó ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú àlùmọ́gàjí.

Nígbà tí wọ́n ṣí bodè lóṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ tú ká. Akínbọ̀wálé gbé korobá wá sí ṣọ́ọ̀bù Mẹ̀dínátù, ó ní ìlú fi ta á lọ́rẹ, pé kí ọ̀rọ̀ tán níkùn. Ó tiẹ̀ ti pọnmi kún un dẹ́nu. Kò mẹ́nu ba ojú rárá, ẹ̀rín ló ń rín. Ọkùnrin náà rí Mẹ̀dínátù lára.

Mẹ̀dínátù bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ náà. Omi ń dà, ó ṣàn dé ìdí bàtà tíṣà. Àwọn méjèèjì dúró wò ó, ó sì pẹ́ gan-an kó tó tán.

"Gbogbo omi yìí ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tíṣà."

Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.