Ilẹ̀ Tí Mo Fọ̀ De Àlejò

Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ara mi nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti wá sí mi lọ́kàn, bí ẹni pé àárẹ̀ jẹ́ àwíjàre. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fọ ilé onílé ní Torino, kò sì sí ọjọ́ tí kì í rẹ̀ mí.

Àdúgbò San Salvario là ń gbé nígbà náà, nínú ọ̀wọ́ ilé márùn-ún tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn láti ayé ìgbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀. Tiwa ló wà láàárín. Èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa wà lókè pátápátá. Nísàlẹ̀ ni màmá arúgbó ará Italy kan wà, tí wọ́n bí sínú yàrá tí wọ́n ṣì ń sùn. Mamma ni mo ń pè wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọrọ láyé ni pé kí wọ́n kú síbẹ̀.

Onílé tó ni ilé márààrún fẹ́ tà wọ́n. Ẹni tó fẹ́ rà wọ́n fẹ́ wó inú ilé márààrún, kó sọ wọ́n di yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Mamma wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ilé àtijọ́. Tí ọ́fíìsì yẹn bá ti fi vincolo lé ilé kan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó o. Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ojú wọn ń dán. Wọ́n ní, “Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá wo ilé wa lọ́jọ́bọ̀. Tí ó bá wù wọ́n, a ò ní kó lọ mọ́.”

Ohun tí mo gbọ́ ni pé àlejò ń bọ̀. Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n bá ti ní àlejò ń bọ̀, ìyá mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kí wọ́n tó gbé ìgbálẹ̀. Nígbà tí àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wá, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé pàápàá la fọ̀. Mo wá wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa, táìlì tó ti dúdú kirikiri. Ojú tì mí. Ṣé orí ìdọ̀tí yìí ni àwọn èèyàn ńlá fẹ́ tẹ̀?

Ní Ọjọ́rú, mo mú ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mamma ti lọ rí dókítà. Bí mo ṣe dà á sílẹ̀ ló ń hó, ni àwọ̀ bá ń jáde: pupa, búlúù, òdòdó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo gòkè lọ se ọbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò kí mi. “Ma cos'hai fatto giù?”

“Kí ni mo ṣe nísàlẹ̀?”

“È tutto bianco.” Ó ní gbogbo rẹ̀ ti funfun.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ásíìdì ti jẹ gbogbo àwọ̀ rẹ̀, ó funfun pátipàti bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara lásìkò ọyẹ́. Mamma ti dé, wọ́n fọwọ́ ti ògiri.

Mo ní, “Èmi ni, Mamma. Mo fẹ́ kó mọ́ de àwọn àlejò.”

Wọ́n ní, “Onílé ti yọ fèrèsé àtijọ́, ó fi oníke sí i. Ó ti yọ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ilẹ̀ yìí nìkan ló kù tí wọ́n ń bọ̀ wá wò.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n rò pé mo tún fẹ́ fọ̀ ọ́ ni. Wọ́n di apá mi mú. “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́.”

Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan dé pẹ̀lú ìwé àti kámẹ́rà. Obìnrin náà wo ilẹ̀, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Mamma ti dáhùn kí n tó lanu: “Èmi ni. Mo ti darúgbó, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́.”

Mo dákẹ́. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba lásìkò náà, mò ń retí kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun fún mi. Ẹ̀rù bà mí. Ìyẹn kì í ṣe àárẹ̀.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wọ́n fi vincolo lé ilé mẹ́rin. Wọ́n yọ tiwa sílẹ̀. Àwa kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ọmọ Mamma ọkùnrin sì wá kó wọn lọ sí ìlú Udine.

Ní ọdún yìí ni ilé iṣẹ́ tó ń rán wa kiri ní kí n máa fọ àtẹ̀gùn ní San Salvario. Ilé tó kángun sí tiwa ni. Òdòdó kan náà ló wà nílẹ̀ ẹnu ọ̀nà, dúdú bí tiwa ṣe dúdú tẹ́lẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé omi nìkan ni kí a fi fọ̀ ọ́. Omi nìkan náà ni mò ń lò.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí Mamma pè láti Udine. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ẹni tó ra ilé ti wó yàrá àwọn.

Mo ní, “Rárá o, Mamma. Ó ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.”

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rọ tó ń wó yàrá náà lẹ́yìn ògiri.