Torleiv Kò Dúró ní Geilo

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Torleiv Brekkhus fi ṣe olùtọ́jú ilé ìwé ní Hønefoss. Gbogbo tíṣà ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin tó máa ń tẹ̀ lé wọn láti yàrá dé yàrá, tí á máa pa iná tí wọ́n bá tàn sílẹ̀. Kì í ṣe ahun o. Bí aládùúgbò bá ń wá igi ìdáná, Torleiv á là á fún un, á sì gbé e délé fún un. Ohun tí ara rẹ̀ kò gbà ni kí nǹkan máa ṣòfò lójú òun. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, tó ra ọkọ̀ oníná kékeré kan tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún mélòó kan, àìsàn yìí rí ibi wọ̀ sí.

Ẹni tó tà á fún un sọ iye kìlómítà tí bátìrì rẹ̀ lè rìn kó tó tán. Torleiv kàn rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti wọn ìyẹn, àti pé bí otútù bá dé, tí ọ̀nà sì ń gòkè, bóyá ni ìdajì rẹ̀ á kù. Ṣùgbọ́n ó pinnu pé òun ò ní gbà fún otútù. Ó máa ń pa híítà ọkọ̀, á wọ aṣọ onírun àgùntàn méjì léra wọn, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di ẹsẹ̀, á sì máa rọra rìn lẹ́yìn tírélà kí atẹ́gùn má bàa dà á láàmú. Òun àti àwọn mẹ́rin kan tí wọ́n jọ ń mu kọfí láàárọ̀ ń bá ara wọn díje: ta ló lè gba orí òkè Hardanger kọjá láìdúró gba iná ní Geilo tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, tí á sì gúnlẹ̀ sí Eidfjord ní òdìkejì? Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá ṣẹ́ kù jù kọ́ ló jẹ; ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ni. Torleiv ti fi mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún gúnlẹ̀ rí, oṣù méjì ló sì fi ń sọ ọ́. Àgbààgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ni gbogbo wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Fẹ́búárì, nọ́ọ̀sì kan pe Gunnvor ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Eidfjord, níbi tí ìyá Gunnvor wà.

"Màmá ò gbé omi mì mọ́ láti àná," nọ́ọ̀sì náà sọ. "Tó o bá fẹ́ bá a, òní ni kó o máa bọ̀."

Wọn ò jẹun tí wọ́n fi gbéra. Gunnvor gbé báàgì rẹ̀ lé itan títí wọ́n fi dé Geilo.

"Torleiv, ṣé a ò ní dúró gba iná ni?"

"Wo bí ọkọ̀ ṣe tò síbẹ̀. Wákàtí kan á lọ sí i. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ṣì kù, ó tó wa débẹ̀. Àbí kì í ṣe Màmá là ń sáré lọ bá?"

"Màmá ni."

"Ó dáa. Jẹ́ ká máa lọ."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, torí àwọn ọkọ̀ tò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí mọ̀ pé kì í ṣe ìlà ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́kàn Torleiv. Ó ti ń wo bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn oníkọfí pé nínú ìjì Fẹ́búárì, òun ò dúró. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Haugastøl, níbi tí ọ̀nà ti ń gun orí òkè, wọ́n bá ọ̀pá tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Ìjì ń jà lókè. Kò sí ẹni tó lè dá kọjá mọ́. Àfi kí gbogbo ọkọ̀ tò tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń gbọ́n yìnyín kúrò lọ́nà, kí wọ́n sì kọjá pọ̀ nígbà tí olórí ìlà bá ní ó yá. Torleiv tò sẹ́yìn tírélà kan tó ń kó páálí ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ tọkọtaya kan wà, ìyàwó ń fún ọmọ lọ́mú níwájú.

Torleiv pa híítà. Nígbà tó yá, èémí wọn di yìnyín mọ́ gíláàsì láti inú. Ó wo Gunnvor, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti ń pàwọ̀ dà, ló bá tún tan híítà. Bó ṣe tàn án ni iye bátìrì ń já wálẹ̀: ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó tún pa á. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gunnvor ń wo fóònù, Torleiv ń wo bátìrì, kò sì sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì.

Fóònù dún. Gunnvor gbọ́ ọ tán, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Wọ́n ní ó ń mí, á dúró, á tún mí."

"A máa bá a."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Tan híítà yìí, otútù ń pa mí."

Ó tàn án. Bátìrì wà ní méjìlélógún nígbà tí olórí ìlà wá gbá gíláàsì ọkọ̀ wọn. Jostein ni wọ́n ń pè é, yìnyín ti bo irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ ní ṣọ́bìrì? Ẹ ní aṣọ tó nípọn?"

"A ní."

"Oníná ni tiyín. Ṣé iná yín tó? Wò ó, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ méfò o. Ìjì ń kọjú sí wa, a sì lè dúró pẹ́ lókè. Tí ọkọ̀ kan bá kú láàárín ìlà, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti há nìyẹn."

Torleiv ṣírò rẹ̀ lórí kíákíá. Tí kò bá sí ìdúró, tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n bá dé orí òkè pẹ̀lú márùn-ún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kù, ọkọ̀ á sì máa gba iná padà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ṣe é rí. Ó yíjú sí Gunnvor. Ojú Gunnvor ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé ó tó. Torleiv wo dígí ẹ̀yìn, ó rí ìyá ọlọ́mọ yẹn tó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Kò tó," ó ní.

"Torleiv!"

"Kò tó, Gunnvor. Ó lè tó, ṣùgbọ́n mi ò lè fi àwọn tó wà lẹ́yìn wa ta tẹ́tẹ́."

"O ṣeun," Jostein dáhùn. "Yí i padà. A ń gbéra báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìlà tó kẹ́yìn lónìí nìyí."

Gunnvor fi ọwọ́ bojú. Torleiv sì bọ́ sílẹ̀.

Níbí, èèyàn á kúkú wà lórí ìdúró nínú bọ́ọ̀sì ju kó lọ jókòó ti ẹni tí kò mọ̀. Torleiv ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àjèjì rí láyé rẹ̀. Ìjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn tírélà iwájú, ó sì fi ìkúùkù gbá a. Obìnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì ló yọjú, Rannveig lorúkọ rẹ̀.

"Kí ló dé? Ọkọ̀ ẹ kú?"

"Má bínú. Má bínú gan-an. Ìyá ìyàwó mi ń kú lọ ní Eidfjord, iná mi ò sì lè débẹ̀."

"O ò rí ibi tí wọ́n ti ń gba iná ní Geilo ni?"

"Mo rí i."

"O rí i, o kọjá?"

"Mo kọjá."

Rannveig wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọlọ́run á dárí jì ẹ́. Ní kó máa bọ̀ kíá. Kó má jókòó lé búrẹ́dì mi o."

Torleiv ti Gunnvor lẹ́yìn gòkè sínú tírélà náà. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún un, Gunnvor sì ti ilẹ̀kùn. Ìlà náà gbéra, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn yà fún un, wọ́n ń kọjá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí yìnyín fi bo iná ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì tún fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà.

Ó padà sí Geilo. Àyè ti wà níbi tí wọ́n ti ń gba iná báyìí, ọkọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀. Ó ki wáyà bọ ọkọ̀, ó jókòó, kò jẹ, kò mu. Rédíò ní wọ́n ti ti ọ̀nà òkè pa di ọ̀la. Bátìrì kún, Torleiv ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó kún.

Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ nígbà tí Gunnvor pè.

"Màmá ńkọ́?" Torleiv béèrè.

"Ó ti lọ. Mo bá a. Kò lajú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè é, ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ló lọ."

Omi bọ́ lójú Torleiv. Ó fẹ́ràn ìyá náà, kò sì sọ fún un rí.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀?"

"Rannveig. Ó gbé tírélà ẹ̀ síta, ó ní òun ò ní fi mí sílẹ̀ lémi nìkan. Òun ló ń bá mi di aṣọ Màmá báyìí."

Torleiv ń gbọ́ ohùn obìnrin kejì yẹn lẹ́yìn, tó ń rọra béèrè ibi tí wọ́n ń kó súwẹ́tà sí.

"Èmi ló yẹ kó wà níbẹ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Gunnvor dáhùn. Kò pariwo, kò sì bínú sọ ọ́. "Ìwọ ló yẹ kó wà níbí."