Kọ́ládé Agbẹ́kànga àti Owó Tí Bánkì Ò Rí

Mẹ́ta nínú àwọn kànga tí à ń pọn ní àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀, Kọ́ládé ló gbẹ́ wọn. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í nà tán mọ́, nítorí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti fi ń di irin ìfọ́kùúta mú. Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń fojú di. O lè gbẹ́ ẹ títí, kí o máa bá iyanrìn pàdé, kí o rò pé o ti ṣoríire, lẹ́yìn náà ni irin á dún gbàgà lórí òkúta.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilẹ̀ ya lé e lórí nínú kànga kan ní Bẹsẹ́. Wọ́n fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣú, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kò sọ fún ẹnì kankan àfi Adjara, ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá fẹnu kò pé kí wọ́n ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tó ń kó ẹrù, kí Kọ́ládé máa fi kó iṣu láti Ọ̀fẹ̀ wá sí ọjà Ṣábẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó owó jọ sí bánkì, tí ó fi di ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó sẹ́fà.

Nínú oṣù kẹrin, wọ́n san owó kànga méjì fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Adjara náà sì ti ta kajú oko rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Kọ́ládé wé e sínú ọ̀rá, ó kó o sábẹ́ ẹ̀wù, ó di bánkì. Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò àkọ́rọ̀ ti gbé iná lọ, ẹ̀rọ bánkì sì ti dákẹ́. Nadège, ọmọbìnrin tó ń gba owó lójú fèrèsé bánkì, ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà àti iye rẹ̀ sórí ìwé, ó ní kí bàbá tẹ ìka sí i. Ó fún un ní ẹ̀dà kan. Ó ní bí iná bá ti dé, àwọn yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kọ́ládé dúpẹ́, ó gba ilé lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ta alùpùpù ránṣẹ́ pé ọjà ti dé. Kọ́ládé padà sí bánkì láti gba owó rẹ̀. Ọkùnrin kan ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ló wà níbí."

Kọ́ládé ní kò burú, ìyẹn ni ti àtẹ̀yìnwá, kí ó wá wo tuntun. Ọkùnrin náà ní kò sí tuntun kankan. Kọ́ládé tú ọ̀rá, ó yọ ìwé tí Nadège fún un. Ọkùnrin náà gbé e lọ sínú, ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ní òótọ́ ni, ìwé àwọn ni, òǹtẹ̀ àwọn ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò sí nínú kọ́ńtì bàbá. Ó ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ náà wá dojú rú pátápátá. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ti yẹ ìwé ọjọ́ náà wò, owó tó wọlé àti owó tó wà nílẹ̀ bára mu, kò lé, kò dín. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Kọ́ládé béèrè pé bí owó òun kò bá sọnù, tí kò sì sí lọ́dọ̀ òun, níbo ló wà? Wọ́n ní ìyẹn gan-an ni àwọn ń wá, kí ó kọ lẹ́tà.

Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà náà. Mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé wa sì kọjú síra. Ó jókòó tì mí, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, mo ń fi Faransé kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti béèrè aago tó wọ bánkì, ó ní òun rò pé àárọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ní bóyá ọ̀sán ni. Ó wá wo ojú mi, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ẹ gbà pé mo lọ?"

Mo ní ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́, tí ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìwé náà, ó ní lóòótọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn ní Ṣábẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, àwọn kan ti ń sọ pé Kọ́ládé ní obìnrin kan sí Ọ̀fẹ̀ níbi tó ti gbẹ́ kànga, pé ibẹ̀ ni owó wà. Adjara gbọ́ ọ. Kò bá a jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń bu ẹ̀kọ fún un, ó kàn bi í pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ gbé lọ?"

Kọ́ládé sọ fún mi pé ìbéèrè yẹn dun òun ju ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú lọ. Ó ní òun fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tí òun máa bínú gbà, nítorí òun náà ti ń bi ara òun bẹ́ẹ̀. Òun ti wo abẹ́ ibùsùn. Òun ti lọ wo inú àpò ẹ̀wù tí òun wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí èèyàn bá gbé owó fún bánkì, tí ó sì tún ń wá a lábẹ́ ibùsùn, ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń lọ sí bánkì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà mìíràn wọ́n á ní lẹ́tà náà ti lọ sí olú iléeṣẹ́ wọn ní Kùtọnu. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ó ti dé láti Kùtọnu, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò sí nílé. Ní àárín oṣù kẹfà ni ọ̀gá bánkì fúnra rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Fadel, pè é. Kọ́ládé ní kí n tẹ̀lé òun.

Fadel fi ìwé méjì síwájú wa. Ọ̀kan ni èyí tí Nadège fọwọ́ kọ. Ó fi bírò tọ́ka sí ibì kan nínú nọ́ńbà kọ́ńtì náà. Ení ni Nadège kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní apá gígùn lókè bí a ti í kọ ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé. Nígbà tí iná dé, ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ó sì kà á sí eéje. Owó náà wọ inú kọ́ńtì ẹlòmíràn.

Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kọ́ládé ní kí wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n dá a padà síbi tó yẹ.

Fadel ní ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹni tó ni kọ́ńtì náà ti kú láti oṣù kìíní. Bánkì ti ti kọ́ńtì náà pa nítorí ọ̀rọ̀ ogún, owó lè wọlé ṣùgbọ́n kò lè jáde, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án láìjẹ́ pé àwọn ajogún fọwọ́ sí i. Òun ti pe ìyàwó olóògbé náà lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà ní òun kò ní wá.

"Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀," Kọ́ládé wí. "Òkú náà kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe di pé ìyàwó rẹ̀ ni n óò tọrọ owó mi lọ́wọ́ rẹ̀?"

Fadel ní òun mọ̀ pé ó ṣòro láti lóye. Ó ní bí obìnrin náà bá kọ̀, bánkì yóò gba ilé ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún kan. Ó ní òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.

Nadège ló sọ ọ́. Ó dúró dè wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní ẹni tó ń jẹ́ Christian ló ni kọ́ńtì náà, Òkpárá ni ilé rẹ̀, Edwige lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni."

Ọjọ́ Sátidé la gun zém, alùpùpù akérò, lọ sí Òkpárá. A bá Edwige níwájú ilé, ó ń fẹ́ ẹ̀wà sóyà. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, aṣọ dúdú wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fún wa ní àga àti omi. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé wa wá, ó gbé atẹ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní òun ti ń retí wa. Ó ní láti ìgbà tí bánkì ti ń pe òun lòun ti mọ̀ pé wọn yóò rán àwọn èèyàn wá. Inú oṣù karùn-ún lòun lọ bi wọ́n léèrè iye tó wà nínú kọ́ńtì ọkọ òun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ni wọ́n sọ. Òun kò gba etí òun gbọ́. Gbogbo ìgbà tí Christian fi ṣàìsàn, ó ń sọ pé òun kò ní kọ́bọ̀, wọ́n sì jà lórí rẹ̀, ìjà náà kò tíì parí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìgbà tí òun gbọ́ iye yẹn lòun wá mọ̀ pé ó ń fi pamọ́ fún òun àti ọmọ ni. Ó ní òun lọ sí ibojì rẹ̀, òun tọrọ àforíjì. Òun ti sọ fún ọmọ òun obìnrin pé yóò padà sí ilé ẹ̀kọ́.

"Ọkọ mi ló fi owó yẹn sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Ẹ ò lè wá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Kọ́ládé tú ọ̀rá rẹ̀, ó yọ ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Edwige mọ̀wé. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin.

Ewúrẹ́ kan wá ń jẹ ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, Edwige kò lé e.

"Oṣù kìíní la sin ín," ó wí jẹ́jẹ́. "Òkú kì í lọ sí bánkì."

Kọ́ládé ní kí ó má bínú. N kò mọ ìdí tó fi yẹ kí ó máa bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi náà bẹ̀ ẹ́. Edwige ní òun yóò wá ní ọjọ́ Ajé.

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú ìwé ilé ẹjọ́ tó fi hàn pé òun ni alábòójútó ogún náà. Fadel bẹ àwọn méjèèjì, ó fi omi tútù lọ̀ wọ́n. Edwige fọwọ́ sí ibi mẹ́ta, kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, owó Kọ́ládé ti wà nínú kọ́ńtì rẹ̀, ó pé pérépéré.

Ṣùgbọ́n kí Edwige tó padà sí Òkpárá lọ́jọ́ Ajé yẹn, a dúró lábẹ́ igi tó wà níwájú bánkì, à ń dúró de zém. Kọ́ládé fẹ́ fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Kò gbà á, àfi owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan. Ó ń wo ọ̀nà. Ó wá béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa, pé, "Kò wá fi nǹkan kan sílẹ̀ nígbà náà?"

Zém dé, Edwige gùn ún, ó lọ.

Wọ́n ti ra alùpùpù náà. Adjara fúnra rẹ̀ ló bá wọn ná an. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, Kọ́ládé kò gùn ún, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní òun fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ tí òun gbé owó yẹn lọ títí di ọjọ́ tí wọ́n dá a padà, ta ló ni ín?

Mo ní òun ni. Ó ní rárá, bí ó bá jẹ́ ti òun ni, òun ì bá ti rí i gbà. Mo ní ti bánkì ni nígbà náà. Ó ní bánkì sọ pé kì í ṣe ti àwọn. Mo ní bóyá ti olóògbé náà ni. Ó ní òkú kì í ní owó, obìnrin yẹn ló ni ín, ó ti fi bá ọkọ rẹ̀ parí ìjà.

Mo mú bírò, mo ní kí n yà á sórí ìwé fún un, kọ́ńtì kan níbí, kọ́ńtì kejì lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo yà á tán, èmi náà kò mọ ibi tí mo fẹ́ fa ìlà owó náà gbà.